Mo Sanwó Kí Wọ́n Kọ́ Òṣìṣẹ́ Mi Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Pé Rárá: Èyí Tó Tó Owó Rẹ̀ àti Èyí Tí Kò Tó

Mi ò ní dárúkọ àwọn olùkọ́ yìí, torí mo ti sọ èyí tí kò dùn mọ́ mi fún wọn lójú ara wọn, wọ́n sì ní àwọn á tún un ṣe. Ẹni tó bá wà ní Adó-Èkìtì tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í gba "rárá" kò ní wá a tì. Àdúgbò Adébáyọ̀ ni gbọ̀ngàn wọn wà. Sátidé méjì ni ètò náà, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. ₦40,000 ni ẹnì kan, ₦70,000 bí ẹ bá mú ẹni méjì wá. Ẹni méjì ni mo mú lọ.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, ní Òkè-Ìlá. A ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, risíìtì, a sì máa ń di ìwé àṣejáde fún àwọn ọmọ Pólì àti ọmọ EKSU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ìwé ètò ìsìnkú ló ń gbé ilé yìí ró. Ẹ mọ Èkìtì: Ọjọ́bọ̀ àìsùn, ọjọ́ Ẹtì ìsìnkú, àwọn ọmọ ti Èkó àti òkè òkun dé, gbogbo wọn ló sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú ìwé ìyá wọn.

Ayé máa ń sọ pé ọmọ Èkìtì lórí kunkun, pé bó bá ti ní òun ò ṣe, ó parí nìyẹn. Kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wá dúró níwájú kántà mi. Ọmọbìnrin tó ń gba oníbàárà lálejò níbẹ̀, àwọn oníbàárà fúnra wọn ló sọ ọ́ ní "Kò-sí-wàhálà." Kò sí ohun tí ẹ ní kó ṣe tí kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀. Ìwé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lónìí fún ọ̀la? Kò sí wàhálà. Kí a gba ìdajì owó báyìí, kí ìyókù di ẹ̀yìn ìsìnkú? Kò sí wàhálà. Ọmọkùnrin tó ń fi CorelDRAW to iṣẹ́ fún wa lórí kọ̀ǹpútà náà rèé, ọlọ́wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ tí mo ti rí ní Ìbàdàn lọ, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ní kó yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, yóò yí i. Á ní ojú ń ti òun.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa lè rò pé kí ni ìyípadà orúkọ kan jẹ́. Iṣẹ́ aláwọ̀, plate mẹ́rin, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, ló ń gbà fún ojú ìwé kan: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú. Kí a tó ṣe plate, ẹ yí ohunkóhun tó bá wù yín, àsìkò nìkan ló ń lọ. Tí a bá ti ṣe plate tán, tó bá jẹ́ lẹ́tà dúdú lẹ fẹ́ tún ṣe, plate dúdú nìkan la máa ṣe òmíràn rẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tò ìyá lẹ fẹ́ pààrọ̀, torí ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé ní èyí tí màmá wé gèlè sí ló dáa jù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di pàǹtí nìyẹn. Owó nìyẹn, owó tèmi. Lórí owó oṣù tí mò ń san, mo tún wá ń san owó ojú tó ń ti ènìyàn.

Bàbá tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord fún wa kò lọ. Bàbá yẹn jù mí lọ lọ́jọ́ orí, kò sì nílò ẹ̀kọ́ kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá kó iṣẹ́ wá lẹ́yìn aago márùn-ún, á wo ìwé náà, á wo yín, á gbé fìlà rẹ̀ dé orí. Ó tán.

Sátidé àkọ́kọ́ kò tó owó tí mo san. Èmi kò sí níbẹ̀, àmọ́ àwọn méjèèjì gbé ìwé àfọwọ́kọ wọn wá fún mi, mo sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìtàn ló pọ̀ níbẹ̀. Pé Andrew Salter, ará Amẹ́ríkà, ti ń kọ́ àwọn tí ẹ̀rù máa ń bà láti sọ tinú wọn láti ọdún 1949; pé Joseph Wolpe, dókítà ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ó sì mú un tẹ̀ síwájú; pé ìgbà tó di àwọn ọdún 1970 ni ẹ̀kọ́ náà jáde kúrò ní ilé ìwòsàn wọ ilé iṣẹ́, tí àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn sì gbà á mọ́ra. Mo fẹ́ràn ìtàn, èmi náà máa ń kà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bá mi tà ní kántà kò nílò Salter kó tó lè gba owó ìṣájú lọ́wọ́ oníbàárà.

Wọ́n tún pín ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tó ń gbà fún gbogbo ayé, ẹni tó ń fi agbára sọ tirẹ̀ bí ìjà, àti ẹni tó ń sọ ohun tó fẹ́ láìtẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ìyẹn dára, ó sì yé wọn. Ìgbà tí wọ́n wá ń wá àpẹẹrẹ ẹni kẹta, Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì ni wọ́n mú. A mọ̀ ọ́n, ọmọ Adó wa ni, pápá ìrántí rẹ̀ ń bẹ láàárín ìlú. Wọ́n pa á pẹ̀lú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, àlejò rẹ̀, ní July 29, 1966, ìtàn tí gbogbo wa sì gbọ́ dàgbà ni pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbà mí o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ń wá bí òun yóò ṣe sọ fún pásítọ̀ pé pósítà kò lè jáde lónìí, ẹ wá ń fi ẹni tó kú ṣe àpẹẹrẹ fún un. Ọmọ náà padà dé ọ̀dọ̀ mi ní ọjọ́ Ajé, ó sì gba pósítà pásítọ̀ náà.

Sátidé kejì ni mo lọ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, torí inú ti ń bí mi díẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ló mú kí n máa kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kò sí ìwé kankan lọ́jọ́ yẹn, kò sí àwòrán lára ògiri. Olùkọ́ náà, obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní báǹkì rí, kó àga sí àárín, ó ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá sọ ẹni tó ń dà á láàmú jù níbi iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ á sì di ẹni náà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Fún ọmọ tó ń ta oògùn, ó di ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ ra tramadol láìsí ìwé dókítà, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń pe ọmọ náà ní "fáìn gẹ́ẹ̀lì." Fún tíṣà ilé ìwé aládàáni kan, ó di ọ̀gá tó ń bẹ̀ ẹ́ kó wá ṣe iṣẹ́ ní ìsinmi láìsanwó, "torí ìdílé kan ni wá." Gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tíṣà yẹn kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ó kan tiwa. Ó ju ìborùn sí èjìká, ó di ìyàwó àbúrò olóògbé.

"Ọmọ mi, wọ́n gbàgbé orúkọ mi nínú ìwé o. Orúkọ kan péré ni. Ẹ bá mi fi í sí i."

"Kò sí wàh..." Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ má bínú mà, a ti ṣe plate tán."

"Ṣé plate ju ènìyàn lọ ni?"

Ọmọ náà kò rí èsì. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn náà kò rí èsì, ká sòótọ́, ìbéèrè ńlá ni.

Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti dá eré dúró, tó sọ ohun tí mo rò pé òun ni mo sanwó fún. Ó ní: àlàyé tí o bá ṣe ni wọ́n máa bá ọ jà lé lórí. Bí o bá ní iná ò sí, wọ́n á ní àwọn á ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Bí o bá ní bébà ti tán, wọ́n á ní àwọn mọ ẹni tó ń tà á l'Ákùúrẹ́. Bí o bá ní plate, wọ́n á bi ọ́ bóyá plate ju ènìyàn lọ. Nítorí náà, kí o fún ẹni náà ní iyì rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí o sọ ohun tí kò ṣeé ṣe ní gbólóhùn kan, kí o sì sọ ohun tí o lè ṣe àti iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu mọ́. Ó ní pípa ẹnu mọ́ yẹn ló le jù, ó sì tọ̀nà. Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kété tí ìdákẹ́jẹ́ bá ti dé, wọ́n á tún fi ohun kan kún un, á sì bà jẹ́.

Ìgbà tí ọmọ mi padà jókòó síbẹ̀, ohun tó sọ nìyí: "Ẹ kú ara fẹ́ra kù mà, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ìwé náà ti wọ inú ẹ̀rọ, a ò lè fi orúkọ kún un mọ́. Mo lè tẹ ewé kan tó ní orúkọ yín ká fi í sáàárín rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. ₦8,000 ni, mà." Ó sì dákẹ́. Olùkọ́ náà dákẹ́. Ó pẹ́. Olùkọ́ wá ní, "Ẹ gba transfer?" Ìpàtẹ́wọ́ ọjọ́ yẹn, bí ìgbà tí ẹgbẹ́ wọn gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n.

Ìlànà tí wọ́n ń tọ̀, lọ́wọ́ Sharon Bower àti Gordon Bower, àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti rí i, láti ọdún 1976 ló ti wà: kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe rí, kí o sọ bó ṣe rí lára rẹ, kí o sọ ohun tí o fẹ́, kí o sọ ohun tó máa tìdí rẹ̀ yọ. Olùkọ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ apá kejì, bó ṣe rí lára, mo sì rò pé ọgbọ́n ló fi ṣe é. Bí ọmọ kékeré bá ń sọ bọ́rọ̀ ṣe rí lára rẹ̀ fún bàbá àgbà kan láti Ìjerò, bàbá á kàn ní kó lọ jẹun. Iyì àgbà ló fi dí àyè yẹn, ó sì bá a mu. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Wákàtí tó kẹ́yìn, wọ́n pe àwa ọ̀gá síwájú. Ibí yìí ni ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò bí ẹ bá lọ. Olùkọ́ náà ti ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sórí bébà, láìfi orúkọ sí i, ìgbà tí wọ́n sọ pé rárá fún oníbàárà kẹ́yìn àti ohun tó tẹ̀lé e. Ó wá ń kà á sókè lójú wa. "Mo ní kò sí àwìn. Oníbàárà pe ọ̀gá lórí fóònù. Ọ̀gá ní kí n gbé e fún un." "Mo ní yàrá ti kún. Ọ̀gá ní kí n lé ẹni tó ti sanwó." Èyí tó tẹ̀lé e jọ ọ́, èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn náà jọ ọ́. Ọ̀gá ilé ìwé kan dìde, ó ní oníbàárà ni ọba. Olùkọ́ dá a lóhùn pé, "Tó bá jẹ́ ọba ni, sà, kí ló dé tí ẹ fi ọmọ tó kéré jù nílé rán níṣẹ́ pé kó lọ sọ fún ọba pé rárá?" Ọ̀gá náà jókòó.

Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn. Ẹ̀kọ́ lè fún òṣìṣẹ́ ní ẹnu, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá lè pe ọ̀gá kó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹnu yẹn á tún padé. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta epo ní ilé epo ni ó béèrè ìbéèrè tó mú gbọ̀ngàn gbóná. Ó ní bí owó bá dín, inú owó oṣù òun ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ṣé òun lè sọ pé rárá sí ìyẹn? Olùkọ́ fa òfin yọ. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 5, kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti yọ owó nínú owó iṣẹ́ bó ṣe wù ú. Bó bá jẹ́ nítorí àdánù tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fà, kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ àyàfi bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀ ṣáájú. Abala 11 sì sọ iye ọjọ́ ìfilọ̀ kí a tó dá ènìyàn dúró: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé márùn-ún tàbí tó jù ú lọ. Òfin náà wà fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé, kò kan máníjà. Àwọn ọ̀gá kan ń mí ìmí ẹ̀dùn. Mo rí ọ̀kan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó kù díẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ọ̀nà kan tí Manuel Smith mú gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975: kí o máa tún gbólóhùn kan ṣoṣo sọ, láìgbé ohùn sókè, títí ó fi máa sú ẹni tó ń bẹ̀ ọ́. Kò-sí-wàhálà gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Pirinsípà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá tẹ ìwé ìpè ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó fẹ́ kó jáde lọ́jọ́ kejì. "Ẹ má bínú sà, ọjọ́ Ẹtì ló máa jáde." Bàbá ṣàlàyé. "Ẹ má bínú sà, ọjọ́ Ẹtì ló máa jáde." Bàbá tún ṣàlàyé pé ọmọ òun ń bọ̀ láti Àbújá. "Ẹ má bínú sà, ọjọ́ Ẹtì..." Bàbá ní, "Ṣé rédíò ni ẹ́ ni?" Ó yọ flash rẹ̀, ó lọ. Àgbàlagbà tó ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ òun wọ etí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rán ènìyàn lọ, ẹ sọ fún un kó fi èyí sílẹ̀ síbẹ̀. Bóyá ó dára fún ẹni tó ń ta nǹkan lórí fóònù. Lójúkojú ní Èkìtì, àfojúdi ni.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa ni iye owó. Mo lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lẹ́yìn kántà, a tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà: àtúnṣe méjì, ọ̀fẹ́, láti ẹ̀kẹta, ₦1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a bá ti ṣe plate, oníbàárà ló ni owó plate, iṣẹ́ àjáde-ọ̀la, ìdajì owó iṣẹ́ lórí owó iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ojú ń tì kò nílò láti wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn ń tọ́ka. Ìdílé kan láti Ìyìn wá lọ́jọ́rú, wọ́n fẹ́ pààrọ̀ fọ́tò nígbà tí plate ti wà lórí ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin CorelDRAW kí wọn, ó sọ iye plate mẹ́rin, ó dákẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n wọn pè mí lórí fóònù lójú rẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìnáwó sà. Ohun tó bá sọ fún yín, òun náà ni èmi máa sọ." Wọ́n sanwó. Wọ́n tún fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn ìsìnkú.

Àwọn pásítọ̀ nìkan ni ọmọ náà kò tíì lè kojú. Ìyẹn, mo rò pé ẹ̀kọ́ mìíràn ló kù.

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì. Ìrẹsì inú ike ni wọ́n pín fún oúnjẹ, ní ọjọ́ Sátidé, ní Adó, níbi tí ẹ ti lè gbọ́ ìró odó láti ojú fèrèsé gbọ̀ngàn náà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gúnyán fún ogún ènìyàn, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Èkejì, ìwé ẹ̀rí wọn: àwọ̀ rẹ̀ kò jókòó lórí ara wọn, pupa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo lẹ́tà. Mo ti fi káàdì mi sílẹ̀ fún wọn.

Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù, ilé oògùn, òtẹ́ẹ̀lì, tàbí ilé ìwé, tí ẹ sì ní òṣìṣẹ́ dáadáa kan tí gbogbo ayé ń gùn, owó náà kò pọ̀ jù. Mo ti bi wọ́n bóyá ènìyàn lè san ti Sátidé kejì nìkan. Wọ́n ní àwọn ń rò ó, pé bóyá ₦25,000. Ẹ fi ọ̀rọ̀ wọn dì wọ́n mú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wákàtí àwọn ọ̀gá yẹn ṣì wà nínú ètò, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ẹ ṣe tán láti jókòó síbẹ̀. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá jẹ́ rárá, ẹ fi owó yín ra inki.